Ọlọ́run kì í ṣe adití: ariwo kọ́ ló ń mú àdúrà gbà

Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, arábìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó fọwọ́ di ikùn mú, ó ń gbàdúrà tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń darí àdúrà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó gbé makirofóònù sí i lẹ́nu: "Ìyá ìkókó, mi ò gbọ́ ohùn yín o! Ṣé báyìí ni Ọlọ́run ṣe máa gbọ́?" Obìnrin náà gbìyànjú láti pariwo, ojú rẹ̀ fún pọ̀ fún ìrora. Gbogbo ìjọ dáhùn, "Àmín!" Inú bí mi débi pé n kò lè dúró de oore-ọ̀fẹ́.

Ta ló kọ́ wa pé bí ohùn bá ṣe ga tó ni àdúrà ṣe ń tètè gbà? Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára débi pé ẹni tí iṣan ọrùn rẹ̀ kò bá yọ, tí aṣọ rẹ̀ kò tutù fún òógùn, a ó ní kò tíì gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òkè Kámẹ́lì, Àwọn Ọba Kìíní orí 18, torí ibẹ̀ ni àwọn aládùúrà iná ti ń mú iná wọn. Wòlíì Báálì 450 ló wà níbẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni wọ́n ń ké pé kí Báálì dá wọn lóhùn, tí wọ́n ń fò yí pẹpẹ ká. Èlíjà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ tún pariwo sí i, bóyá ó ń ronú, bóyá ó rìnrìn àjò, bóyá ó sùn lọ ni, ẹ jí i. Àwọn náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu! Wọ́n fi kún ariwo, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ya ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn, títí di ìgbà ẹbọ àṣáálẹ́. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Àdúrà Èlíjà ńkọ́? Ẹsẹ méjì péré, ẹsẹ 36 àti 37. Mo kà á sókè nílé, kò tó ìṣẹ́jú kan. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó pariwo. Iná bọ́, ó jó ẹbọ, ó jó igi, ó jó òkúta, ó lá omi inú yàrà gbẹ. Àwọn tó ń pariwo ni wọ́n fìdí rẹmi nínú ìtàn yẹn. Iná Èlíjà là ń wá, ìlànà àwọn ará Báálì la fi ń wá a.

Hánà ńkọ́, tí gbogbo ẹni tó ń wá ọmọ ń pe orúkọ rẹ̀? Sámúẹ́lì Kìíní 1:13: ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà tiẹ̀ rò pé ó ti mutí yó. Ká ní ìjọ tiwa ni, wọn ì bá ti gbé makirofóònù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Hánà sì bí Sámúẹ́lì. Nehemáyà gbàdúrà tirẹ̀ láàárín ìbéèrè ọba Páṣíà àti èsì tó fún un. Ẹ má sọ fún mi pé ó pariwo níwájú ọba.

Wọ́n á ní Jésù kígbe ní ibojì Lásárù. Ẹ lọ tún Jòhánù 11 kà. Nígbà tó ń bá Baba sọ̀rọ̀, ó gbójú sókè, ó dúpẹ́ pé Baba ti gbọ́ tòun. Ìgbà tó kọjú sí Lásárù ló tó kígbe. Òkú ló kígbe pè, kì í ṣe Ọlọ́run.

Jẹ́ríkò, tí odi rẹ̀ wó nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì hó ńkọ́? Jóṣúà ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́ títí di ọjọ́ tóun bá ní kí wọ́n hó, ìhó ogun sì ni, kì í ṣe àdúrà. Bátíméù afọ́jú, tó kígbe pe Jésù, ń pe ẹni tó ń kọjá lọ láàárín èrò ni. Tí ẹ bá ń fi ìyẹn gbèjà lásìpíkà mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́.

Kì í ṣe pé mo kórìíra àwọn Aládùúrà o. Inú ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), tó jẹ́ ara wọn, ni wọ́n ti kó mi jáde. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nípa ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì CAC, ṣe ní Òkè-Ọ̀yẹ́, Iléṣà, ní 1930, omi ìyè àti ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó. Ohun tí ariwo ti fà fún wa nìyí: ní 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí rẹ̀.

Èmi fúnra mi ti ṣe ìṣọ́ òru tó jẹ́ pé orógbó ni mo ń jẹ láàárọ̀ kí ohùn mi tó là. Mò ń gbàdúrà kí ẹni tó jẹ mí lówó san án. Kò tíì san án dòní. Àdúrà tí mo lè tọ́ka sí, inú dánfó ni mo ti gbà á. Ọmọ mi wà lórí itan mi, gìrì mú un, eyín rẹ̀ há pọ̀, ọkọ̀ kò sì lọ síwájú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹnu mi kò ṣeé là. Inú ọkàn ni mo ti ń pe Jésù. A dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, ó gba abẹ́rẹ́. Ta ló ní Ọlọ́run kì í lo nọ́ọ̀sì?) Ó ti wọ girama báyìí, ó ti ń bá mi jiyàn.

Ó dáa, Hébérù 5:7 wà níbẹ̀: Jésù fi igbe àti omijé gbàdúrà. N kò lè fa ojú ìwé yẹn ya. Ẹni tí ìrora bá mú kó ké, kó ké. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àdúrà rẹ̀ ní Gẹ́tísémánì, ní òru tí wọ́n mú un, ni ẹsẹ yẹn ń sọ, Lúùkù ní ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé péré ló fi jìnnà sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Mátíù sì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá bá wọn lójú oorun. Ní ìjọ tiwa, àwọn tó ń gbé ní òpópónà kẹta kì í rí oorun sùn.