Olè Kẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, Ó Tó Gẹ́ẹ́!

Ó ti sú mi o! O ra kẹ̀kẹ́ lówó gọbọi, o tún ra àgádágodo olówó ńlá lé e, o dè é mọ́ irin etí títì ní Peckham, lọ́sàn-án gangan. Olè á gbé ẹ̀rọ tí jórinjórin fi ń gé irin dé, iná á máa ta pàràpàrà, ariwo á gba àdúgbò kan, àwọn èèyàn á sì máa kọjá lọ. "Bóyá òun ló ni ín." Òun ló ni ín kẹ̀! Ta ló ń fi ayùn ṣí kẹ̀kẹ́ ara ẹ̀?

Bó o bá de férémù nìkan, wọ́n á tú táyà lọ. Bó o bá de táyà nìkan, táyà yẹn nìkan lo máa bá, bí ọmọ òrukàn. Irin etí títì tó o dè é mọ́ ọ̀hún gan-an ńkọ́? Àwọn kan ti rẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi téèpù bo ojú ibẹ̀, wọ́n ń retí ẹ!

O wá fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, wọ́n fún ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Nọ́ńbà! Ṣé òun ni mo máa gùn lọ síbi iṣẹ́ lọ́la ni?