Ọ̀nà Wo Ni Kí Awakọ̀ Gbà ní Onyearugbulem?

“Kí àwọn awakọ̀ wá ọ̀nà mìíràn gbà.” Gbólóhùn yìí ni àwọn aláṣẹ fi ń kásẹ̀ ìkéde nílẹ̀ nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá kan ìkóríta Onyearugbulem ní Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwa náà fẹ́ bi wọ́n ní gbangba: ọ̀nà wo? Ẹni tó ń ti Iléṣà bọ̀, tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí Benin, ọ̀nà márosẹ̀ yẹn ló mọ̀. Bí kò bá gba ibẹ̀, àfi kó yà wọ ìgboro, kó gba Oyèmẹkùn bọ́ sí òpópónà Ọba Adéṣidà, kó la iwájú ọjà Ọba kọjá, kó jáde sí Alágbàká, kó tó forí lé Ọ̀bà-Ilé. Òpópónà tó ń há lójoojúmọ́ láìsí tírélà kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń darí tírélà sí yẹn. Ẹni tó bá wà ní Fìwàsáyé ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí iléèwé bá ń jáde, kò nílò àlàyé kankan lórí ohun tí a ń sọ.

Ìwé ìròyìn yìí kò lòdì sí pé kí wọ́n tún ìkóríta náà ṣe. Ó ti pẹ́ tó yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ gómìnà ológun tó wà lórí àlééfà láti 1996 di 1998 ni à ń fi ń pè é, Àkúrẹ́ ìgbà náà kò sì sí mọ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 350,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan. Ẹ wo bí ilé ṣe ti kún ìlú láti ìgbà náà. Ọkọ̀ tó ń ti Iléṣà sáré lọ sí Ọ̀wọ̀ kò fẹ́ dúró. Èyí tó ń ti ìgboro bọ̀ fẹ́ dábùú ọ̀nà kọjá. Èyí tó jáde láti Ìjàpọ̀ fẹ́ ṣẹ́rí padà. Àwọn tó ń lọ ná ọjà Ṣáṣá ń sọ̀ kalẹ̀ létí títì, ọlọ́kadà sì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Gbogbo wọn ló pàdé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn máa gba orí afárá kọjá, kí ọkọ̀ ìgboro máa yí nísàlẹ̀, kò sí ojútùú mìíràn tó jọ èyí. A ti kọ ọ́ rí, ọwọ́ wa kò sì kúrò lórí ohun tí a kọ.

Ibi tí a ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni a ti ń tẹnu mọ́ láti ìgbà yìí wá: ẹ la ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, kí ẹ tó gbẹ́ èyí tí ọkọ̀ ń gbà.

Àwọn ẹnjiníà mọ èyí ju àwa lọ. Bí a bá fẹ́ kọ́ afárá sórí ìkóríta tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a kì í ti àárín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kó òpó iná àti páìpù omi kúrò, nítorí pé kò sí ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró bíi kí katakata lọ já páìpù tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé ó wà nílẹ̀. Wọ́n á la gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ọ̀dà sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, lọ́tùn-ún lósì, ọ̀dà gidi tó lè gbé tírélà tó ru sìmẹ́ńtì, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ láìsí wàhálà ni wọ́n tó máa fi kọnkéré sé àárín, kí wọ́n wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó afárá.

Iṣẹ́ inú àárín yẹn kì í yá. Kọnkéré gbọ́dọ̀ le kí a tó di ẹrù lé e. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń dán agbára rẹ̀ wò, kò sì sí àṣẹ gómìnà tó lè sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oṣù ni ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ fi máa gbé gbogbo ìlú. Ọ̀nà tó máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ti àwọn igi kọnkéré gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí òpó, ibòmíràn ni wọ́n lè ti mọ wọ́n, kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn wá, kí ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè wá gbé wọn lé orí òpó lóru nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Wákàtí mélòó kan lóru bẹ́ẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n ti ọ̀nà pa pátápátá, kí ará ìlú sì ti gbọ́ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú.

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yóò gbé owó iṣẹ́ sókè kò parọ́. Ṣùgbọ́n owó náà kò ṣòfò. Ọjọ́ tí afárá bá parí, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni ọkọ̀ ìgboro máa máa gbà nísàlẹ̀, òun ni ọlọ́jà máa fi wọ Ṣáṣá, òun ni ará Ìjàpọ̀ máa gbà jáde. Ara iṣẹ́ ni, kì í ṣe àánú tí agbaṣẹ́ṣe ń ṣe fún ìlú. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ó jẹ́ nǹkan àkọ́kọ́ nínú ìwé àdéhùn, kí ìjọba má sì san kọ́bọ̀ kan fún òpó afárá títí ọkọ̀ yóò fi máa gba ẹ̀gbẹ́. Bí owó bá so mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ọ̀dà á tètè dé.

Kò sí ohun tuntun nínú ohun tí à ń béèrè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ tún afárá Third Mainland ṣe ní Èkó, wọ́n dá ọjọ́ fún un, 24 oṣù keje ọdún 2020, wọ́n ní oṣù mẹ́fà ni yóò gbà. Wọn kò ti gbogbo afárá náà. Láti ọ̀gànjọ́ òru títí di aago kan ọ̀sán, àwọn tó ń lọ sí Erékùṣù Èkó ló ń gba apá tó ṣí. Láti aago kan títí di ọ̀gànjọ́, ó di ti àwọn tó ń padà bọ̀. Èkó há, àwọn èèyàn jìyà, iṣẹ́ náà sì lé díẹ̀ wọ oṣù kejì ọdún 2021. Síbẹ̀, awakọ̀ mọ aago tí ọ̀nà rẹ̀ ń ṣí àti aago tó ń tì. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011, wọ́n pààrọ̀ orí afárá 14 lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan láàárín òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré: ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe àwọn apá afárá sílẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ọkọ̀ ti ń kọjá. A kò sọ pé kí Àkúrẹ́ ní ẹ̀rọ bíi ti wọn. Ètò ni à ń wí, ètò kò sì nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ dípò ètò ni sùúrù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ni wọ́n ń sọ fún wa. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin ni òwe ń bá wí, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àáké. Ìyá tó ra tòmátì ní Ṣáṣá láàárọ̀, tó ń wo bó ṣe ń rà nínú oòrùn torí pé máruwa kò lè kúrò lójú kan, kò gbé àáké kankan. Onítakisí tó ń jẹ́ kí owó epo tán sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kí ó tó rí èrò kejì, ta ló bi í bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀? Aláìsàn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, Onyearugbulem ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbà. Kí ni a fẹ́ wí fún un nípa sùúrù?

Ó ti tó gẹ́ẹ́. Kò sí ọ̀gá kankan lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó tún dúró níwájú gbohùngbohùn sọ pé kí ará Àkúrẹ́ mú sùúrù, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mú àwòrán ibi tí ọkọ̀ máa gbà jáde. Ará Àkúrẹ́ ti mú sùúrù. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti mú sùúrù ju èyí tó tọ́ sí i lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tàfàlà, òun ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, tírélà kan ya wọ inú ṣọ́ọ̀bù níwájú yunifásítì ní Àkùngbá-Àkókó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tó kú. Ìpínlẹ̀ wa ni, a kò tíì gbàgbé. Ibi tí tírélà tí búrẹ́kì rẹ̀ kò dá a lójú bá ti pàdé èrò tí wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ìkóríta gan-an nìyẹn: títì ti há, àmì kò sí, ilẹ̀ ti ṣú, ọlọ́jà ti kó igbá rẹ̀ bọ́ sí ojú ọ̀nà torí pé ibi tó ń tẹ́ ẹ sí tẹ́lẹ̀ ti di kòtò. Ó yẹ kí ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe ìgbà tí awakọ̀ bá ti rí agbá ọ̀dà tí wọ́n gbé dí iwájú rẹ̀. Ó yẹ kí iná wà níbẹ̀ lóru. Ó yẹ kí ọkọ̀ afa-ọkọ̀ dúró nítòsí tọ̀sán-tòru, nítorí tírélà kan ṣoṣo tó bá kọṣẹ́ lórí ọ̀nà tóóró yẹn lè dá ìlú dúró di ọjọ́ kejì. Ó sì yẹ kí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà sọdá wà, ibi tí wọ́n fi irin sé, kí ìyá àti ọmọ má bàa máa sáré láàárín ọkọ̀ méjì.

A mọ èsì tó ń bọ̀. Wọ́n á ní ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò dé gbogbo ibẹ̀. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá lè kọ́ afárá sórí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ní Òrè nígbà ayé Gómìnà Rótìmí Akérédolú, kò sí ìdí tí ìpínlẹ̀ kan náà kò fi lè bá Àbújá jókòó lórí bí ọkọ̀ ṣe máa kọjá ní Àkúrẹ́. Awakọ̀ kì í wo ẹni tó ni títì kó tó há sínú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ Gómìnà Lucky Ayédatiwá àti kọ́míṣánnà rẹ̀ fún iṣẹ́ òde, ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n tẹ àwòrán kan jáde, lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáréèjì Ọ̀wọ̀ àti ti Iléṣà, kí rédíò kà á, kí àwọn ìyálọ́jà Ṣáṣá àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ sì jókòó sídìí rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Kí ó sọ ibi tí tírélà máa gbà, ibi tí takisí máa gbà, ibi tí ọkọ̀ aláìsàn máa gbà, aago tí wọ́n máa ti ọ̀nà, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Kí nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń bójú tó o wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó máa gbé e bí a bá pè é ní aago méje alẹ́. Títí àwòrán yẹn yóò fi jáde, tí ọ̀dà yóò sì fi wà lórí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí agbaṣẹ́ṣe kankan má ṣe gbẹ́ ìdí títì tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́ ní Onyearugbulem.