Ẹ yéé sọ pé owó Disney ló ń ṣe kátúùnù

Mo ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Agbówó, kò jìnnà sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ níbẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọmọ kan á gbé kọ̀ǹpútà wá, á ní kí n bá òun fi RAM kún un torí òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kátúùnù. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á fi já lu ọ̀rọ̀: "Èyí náà? Kátúùnù tí wọ́n ń gbé lọ sí sinimá, àwọn òyìnbó ló ni ín. Odindi ilé ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é ń gbà. Bí o ò bá ní bílíọ̀nù, wá iṣẹ́ míì ṣe."

Bàbá kan tó wá gba kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ mú ẹ̀rí dání. Inside Out 2, kátúùnù Disney, ni. Wọ́n ní nǹkan bí $200 mílíọ̀nù ni wọ́n ná lé e lórí, bàbá ò sì parọ́. Nínú gbogbo fíìmù tó jáde ní 2024, ti kátúùnù àti ti èèyàn, kò sí èyí tó pa owó tó o: ó lé ní $1.6 bílíọ̀nù. Moana 2 náà kọjá $1 bílíọ̀nù. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà sinimá wo ọdún yẹn, kò sí bí kò ṣe ní gbà pé owó ni gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ ọdún yẹn kan náà ni kátúùnù kan tó ń jẹ́ Flow jáde.

Gints Zilbalodis, ọmọ Latvia tí wọ́n bí ní 1994, ló darí rẹ̀. Gbogbo èèyàn Latvia ò tó mílíọ̀nù méjì. Ìbàdàn nìkan jù wọ́n lọ. Omi ló bo ilẹ̀ nínú fíìmù náà, ológbò kan wá bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ajá, lemur (ẹranko tó jọ ọ̀bọ), capybara (ẹranko tó jọ òyà ńlá) àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan. Fún ìṣẹ́jú 85, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ológbò ń ké bí ológbò, ajá ń gbó bí ajá. Wọ́n yá ohùn fún capybara: ohùn tirẹ̀ ti tín-ín-rín jù fún irú ara bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá lọ gba ohùn ọmọ ràkúnmí sílẹ̀. Bí mo bá ti rántí, ẹ̀rín ni.

Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe kátúùnù, ni wọ́n fi ṣe é. Blender yìí náà tí àwọn ọmọ Agbówó ń fi dátà òru wà jáde. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí i tú síta o, ọ̀fẹ́ ni. Ní 2002, nígbà tí iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́ fún ilé iṣẹ́ tó ni ín, Ton Roosendaal tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní kí àwọn tó ń lò ó dáwó jọ, kó lè di ti gbogbo ayé. €100,000 ni wọ́n ń wá, ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi dá a pé. Ẹni tó bá ti gba owó àjọ lọ́wọ́ èèyàn rí mọ̀ pé kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń gba odindi ilé wá ńkọ́? Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé ìṣẹ́jú 85, ó di àwòrán 122,400. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yà wọ́n parí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ níbi tó yẹ, òjìji níbi tó yẹ. Rẹ́ńdà là ń pe ìyẹn. Láwọn ilé iṣẹ́ ńlá, àwòrán kan péré lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ìdí tí wọ́n fi ń to kọ̀ǹpútà jọ rẹpẹtẹ nìyẹn. Zilbalodis ò to nǹkan kan jọ. EEVEE tó wà nínú Blender ló lò, tó ń ya àwòrán bíi ti géèmù, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti rẹ́ńdà rẹ̀.

Ó kúkú ní ohun tó fi du ara rẹ̀. Ẹ wo ara ológbò yẹn dáadáa, ẹ ò ní rí irun lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Nígbà tí mo ṣí i fún bàbá, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé irun rẹ̀ ò dán tó ti Disney. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bàbá ti ń pariwo mọ́ ológbò: "Kúrò létí omi yẹn, ìwọ yìí!"

Ní March 2025 tí wọ́n pín Oscar fún àwọn fíìmù ọdún 2024, Flow ló gba ti kátúùnù. Inside Out 2 wà níbẹ̀. The Wild Robot wà níbẹ̀. Oscar àkọ́kọ́ tí Latvia máa gbà nìyẹn.

Mi ò ní tàn yín, ó náwó. Nǹkan bí €3.5 mílíọ̀nù, láti Latvia, Faransé àti Belgium, ó sì gbà tó ọdún márùn-ún àbọ̀. Mi ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n owó Inside Out 2 á ṣe irú rẹ̀ bí 50. Kí Zilbalodis tó ṣe Flow, òun nìkan ti jókòó ṣe odindi fíìmù kan, Away, tó jáde ní 2019, títí dé orin inú rẹ̀. Adam Elliot ní Australia ò tilẹ̀ ṣe wàhálà kọ̀ǹpútà: amọ̀, wáyà àti pépà ló fi ṣe Memoir of a Snail, òun ló sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Annecy, àjọ̀dún kátúùnù ní Faransé, ní 2024.

Àwọn kan á ní ṣebí Disney ló ṣe Iwájú tiwa. Fíìmù alápá mẹ́fà nìyẹn, kì í ṣe ti sinimá. Àwọn ọmọ Kugali, ilé iṣẹ́ kátúùnù ọmọ Áfíríkà, tó gbé e kalẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ fọ́nnu fún BBC ní 2019 pé àwọn á na Disney. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Disney wá wọn wá.

Ohun tí owó ńlá ń rà dájúdájú ni ìpolówó, kí gbogbo sinimá lè gbé fíìmù rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń dun àwọn ọmọ tiwa jù ni iná. Ọmọ tí mo fi RAM kún kọ̀ǹpútà fún ń ṣe ewúrẹ́ kan tó fẹ́ sọdá títì Agbówó. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni, àwòrán 960. Lálẹ́ ọjọ́ tó ń rẹ́ńdà rẹ̀, bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú tipẹ́, iná sì lọ nígbà tó dé 611. Mo ti sọ fún un pé kó má rẹ́ńdà sí fídíò tààrà, fáìlì àwòrán (PNG) lọ́kọ̀ọ̀kan ni kó máa kó pa mọ́. Nígbà tí iná dé láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti 612.