Ẹ wo ohun tó fa ebi tó pa manatee

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní manatee, ẹran ńlá inú omi tó ń jẹ koríko, tó lé ní 1,000 ló kú ní Florida ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, tí ebi sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ló fa ebi? Plankton, ohun tíntìntín tó ń léfòó nínú omi, kì í ṣe ọ̀tá. Ọmọ ẹja ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ṣàn wọ Indian River Lagoon, ọ̀sà kan ní Florida, bọ́ ọ yó. Lọ́dún 2011, ó pọ̀ débi pé omi ṣú bí ọbẹ̀ ewédú. Oòrùn ò dé ìsàlẹ̀ mọ́, koríko abẹ́ omi bá kú, oúnjẹ manatee gan-an nìyẹn! Ìgbà tó yá, lẹ́tùúsì tí a fi ń ṣe sàláàdì ni àwọn aláṣẹ ń jù sómi fún wọn. Ẹran tó tóbi tó màlúù! Àbí wọ́n ń fi manatee ṣeré ni?