Ẹ má kàn jókòó kí ẹ máa mi orí nínú ìpàdé ọmọ yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti kó ọmọ yín tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá wá sí Amẹ́ríkà, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. New York ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi ní ọ́tísíìmù, ìpèníjà tó máa ń dí ọmọ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí a dé, ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò sì pé ogún. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi nílé ni pé, "Ẹ ṣáà ti gbé e débẹ̀, ìjọba á ṣe ìyókù." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́kàn lé, ọdún kan gbáko sì ṣòfò lára ọmọ mi.

Òfin wà lóòótọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Láti 1975 ló ti di dandan fún ilé ìwé ìjọba níbí láti kọ́ gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà, lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́nà tó bá ipò ọmọ náà mu. IDEA ni wọ́n ń pe òfin náà báyìí. Bí ìwé ìgbélùú yín kò bá tilẹ̀ tíì pé, wọn kò lè torí ẹ̀ lé ọmọ yín kúrò ní ilé ìwé; ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ yẹn ní 1982. Àmọ́ kì í ṣe òfin ló ń jókòó kọ ohun tí ọmọ yín máa rí gbà. Ìgbìmọ̀ ni. Ní New York, CSE ni à ń pè é: olùkọ́ kíláàsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, sàíkọ́lọ́jíìsì ilé ìwé (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ọmọ), aṣojú àwọn aláṣẹ ilé ìwé àdúgbò, àti ẹ̀yin òbí. Ìwé tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ ni IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ tó jẹ́ ti ọmọ yẹn nìkan. Ohun tí kò bá sí nínú IEP, ẹ má retí ẹ̀.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí, iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú. Wọ́n kó ìwé síwájú mi, wọ́n ń kà á geregere, èmi ń mi orí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: òbí tó bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, "ẹ bá mi nà án dáadáa" ló máa sọ, á sì dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ á máa rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun àti ọmọ mẹ́rin mìíràn. Ọmọ tí kò ní ogún ọ̀rọ̀ lẹ́nu! Mo fọwọ́ sí i. Ògbufọ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, n kò béèrè, torí mo ti ka yunifásítì nílé, n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní yunifásítì kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ó di ọdún kejì. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ tún IEP yẹ̀ wò. Wọ́n fi tuntun ránṣẹ́. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, mo ń kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ kan náà, àfojúsùn kan náà, déètì nìkan ló yàtọ̀. Mo sunkún. Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Tèmi, tọmọ mi ló bá mi dákẹ́.

Mo wá ní n kò ní fọwọ́ sí i. Mo rò pé bí n kò bá ti fọwọ́ sí i, wọn ò lè lò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Wọ́n nílò ìfọwọ́sí yín kí wọ́n tó kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò, àti kí wọ́n tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ti IEP tuntun, ní New York, ìwé ìfitónilétí ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, wọ́n á sì máa báṣẹ́ lọ. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ béèrè fún alárinà tàbí ìgbẹ́jọ́. Bí ìgbẹ́jọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọmọ wà tẹ́lẹ̀ ló máa wà títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Ìyá kan láti Gánà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ pé n kò fara mọ́ àyẹ̀wò wọn, kí wọ́n sanwó fún òmíràn lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Òfin fàyè gbà á: kí wọ́n sanwó, tàbí kí wọ́n lọ fi ẹ̀rí hàn níbi ìgbẹ́jọ́ pé tiwọn tó. Wọ́n sanwó. Ẹni yẹn mú ògbufọ̀ Yorùbá dání, ibẹ̀ la ti rí i pé ohun tó ń yé ọmọ yìí ju ohun tó lè sọ lọ fíìfíì. Ẹ má gbà kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán ọmọ yín wò. Òfin ò gbà kí wọ́n tìtorí àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ka ọmọ mọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́, wọ́n sì fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń bá a sọ ohun tó bá tẹ̀ síta.

Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ọmọ lọ́wọ́ dókítà nílé, ẹ má fi pamọ́. Mo mọ ìtìjú tó wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi kìlọ̀ fún mi kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá dé, lẹ́tà ni kí ẹ fi béèrè àyẹ̀wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lójú ọ̀nà. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí àyẹ̀wò ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka 60 ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi parí àyẹ̀wò náà. Ẹ lè ní kí òbí mìíràn tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yín jókòó nínú ìgbìmọ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ní wákàtí 72, ó kéré tán, ṣáájú ìpàdé. Owó iṣẹ́ ọjọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Tèmi ti bọ́ láìmọye ìgbà. Ẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rò ó pé ilé ìwé aládàáni ni ẹ máa fi í sí, ẹ̀tọ́ ibẹ̀ kò tó ti ìjọba rárá.

Oṣù tó kọjá la ṣe ìpàdé tọdún yìí. Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún 15. Láti ọjọ́ orí yẹn, New York ń fi ètò ohun tí ọmọ máa ṣe lẹ́yìn ilé ìwé sínú IEP, wọ́n sì ń pe ọmọ fúnra ẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ó tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì." Aṣojú wọn ní ó dára, ó ti fẹ́ ṣí ojú ewé tó kàn. Mo ní kó dúró. Mo béèrè ibi tó ti máa kọ́ ọ, ọjọ́ wo lọ́sẹ̀, ta ló máa tẹ̀ lé e lọ, oṣù wo ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ń wò mí. N kò dìde títí wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.