Iná kọ́ ni oògùn ihò ara náílọ̀n

Ìmọ̀ràn kan ń lọ káàkiri pé bí náílọ̀n bá ń jáde lára ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ pẹ̀lú ihò wínníwínní, kí ẹ gbé ooru bárẹ̀lì (ọ̀pá oníhò tí ike ti ń yọ́) lọ sí 240°C. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣe ni yóò tún da iṣẹ́ rú.

LDPE, ike tí a fi ń fẹ́ náílọ̀n, ń yọ́ ní nǹkan bí 110°C. Lọ́pọ̀ ìgbà, 160 sí 190°C ti tó o. Súkúrúù tó ń yí nínú bárẹ̀lì ń mú ooru tirẹ̀ wá bó ṣe ń lọ ike mọ́ ara bárẹ̀lì, nítorí náà ike inú rẹ̀ lè gbóná ju nọ́ńbà tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ lọ. Ẹ tún wá fi iná kún un? Ike á ṣàn jù, ibi tó ti ń dì á sún sókè, àpò atẹ́gùn (náílọ̀n tí ẹ̀rọ ń fẹ́ bíi bàlúù) á máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ibì kan á nípọn, ibì kan á fẹ́lẹ́.

Omi ló sábà ń fa ihò yẹn. LDPE tuntun kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ike àtúnlò tí wọ́n fọ̀ tí kò gbẹ dáadáa, tàbí masterbatch (èròjà tí a ń pò mọ́ ike) tó ní calcium carbonate (ẹfun), ń gbé omi wọlé. Ẹ fi atẹ́gùn gbígbóná, 70 sí 80°C, mú un gbẹ fún wákàtí 2 sí 3 kó tó wọ ẹ̀rọ.

Ti àmì dúdú yàtọ̀: ike tó ti jóná sínú dáì (ẹnu ẹ̀rọ tí ike ń gbà jáde) nìyẹn, iná àlékún á tún sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìfúnpá tó wà ṣáájú asẹ́ wáyà, níhà súkúrúù, bá ń gòkè, asẹ́ ti dí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dá súkúrúù dúró, kí ẹ jẹ́ kí ìfúnpá wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tú u, ẹ má sì dúró síwájú dáì.