Kọfí kọ́ ló ń lé oúnjẹ kúrò lóko

Níbi ìpàdé àgbẹ̀ kan ní Chálẹ́ǹjì n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tún dìde, ó ní ibi tí kọfí bá ti wọ̀, ká gbàgbé ẹ̀fọ́, ká gbàgbé igi. Gbogbo èèyàn ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Abẹ́ igi ni kọfí ti ṣẹ̀. Nínú igbó ìwọ̀-oòrùn gúúsù Etiópíà, fúnra rẹ̀ ló ń hù lábẹ́ àwọn igi ńlá.

Ẹ wo àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yà Chagga lẹ́bàá òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà. Igi ńlá ló wà lókè pátápátá, ìbátan ayùnrẹ́ wa sì wà nínú wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ̀ lé e, kọfí wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sì wà nílẹ̀. Irú ewéko tí àwọn onímọ̀ kà nínú oko àyíká ilé wọ̀nyí lé ní 500, púpọ̀ nínú wọn ló sì lalẹ̀ hù, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn wọ́n. Nígbà tí owó kọfí já wálẹ̀, tí àwọn kan ń hú u, igi tó ń ṣíji bò ó náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kọfí ló ń dá ẹ̀mí igi yẹn sí!

Ní Costa Rica ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004 fi hàn pé kòkòrò oyin inú igbó ń mú kí kọfí tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà kan sí igbó fi ìdá 20 nínú 100 so ju èyí tó jìnnà sí igbó lọ.

Èmi náà mọ̀ ọ́n lójú ara mi. Lóko ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́, àárín kòkó àti obì ni kọfí wà. Ibẹ̀ la ti ń já ewé eéran tí ìyá mi fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ibẹ̀ la ti ń wa kókò, ibẹ̀ la ti ń ṣa àgbálùmọ̀. Bí o bá fọwọ́ gbọ́n ewé tó ti jẹrà lábẹ́ kọfí yẹn, ilẹ̀ dúdú ló máa yọ, ó tutù, ekòló kún inú ẹ̀.

Oko ńláńlá wà ní Bràsíl tó jẹ́ kọfí nìkan nínú oòrùn gbagada, mo gbà. Èèyàn ló yàn láti gbìn ín bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín níbí, CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, iṣẹ́ wọn ni kòkó, kọfí, obì, kajú àti tíì. Kó lọ bi wọ́n léèrè igi tó yẹ kó dá sí kó tó gbé àdá.